Ọkùnrin Tí Òtútù Kò Mú

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí a ti wọ àwọn oṣù tí oòrùn kì í yọ. Inaluk, ọmọge ará Appalik, wà lẹ́yìn òkè yìnyín kan lórí òkun tó ti dì, ó ń fi àáké gé èyí tí wọn yóò yọ́ mu nílé, nígbà tó rí ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ihò omi. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó ti apá rẹ̀ méjèèjì bọ inú omi náà dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì ń fi sùúrù wá nǹkan níbẹ̀ bí ìyàwó ilé tó ń wá ṣíbí nínú omi ìfọbọ́.

Òṣùpá mọ́lẹ̀ rekete. Èéfín ń rú lára ọkùnrin náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná. Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ló já Inaluk láyà jù. Àwọn ajá rẹ̀ ni. Ajá tó máa ń gbó bí òjìji ẹyẹ bá kọjá, gbogbo wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ki imú bọ abẹ́ ìrù, wọn ò dún pínpín.

Ọkùnrin náà fa séálì kan, ẹran òkun ọlọ́ràá, jáde látinú ihò, ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì gbójú sókè.

"Kí ló dé tí ò ń wò mí bí ẹni tó rí òkú?"

Inaluk di àáké mú dáadáa. "Ṣé òkú kọ́ ni ẹ́ ni?"

"Ṣé ebi máa ń pa òkú tó báyìí?"

"N ò mọ̀. N ò tí ì kú rí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

"Níbo lajá rẹ wà?" Inaluk bi í.

"N ò lájá mọ́."

"Ta ló gbé ẹ dé ibí?"

"Ẹsẹ̀ mi."

Ó fi àgbọ̀n júwe òdìkejì òkun náà. Ilulialik nìkan ló wà lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ń gbé Ilulialik mọ́. Láti ìgbà tí ilé ìtajà ibẹ̀ ti kógbá wọlé ni gbogbo ará ibẹ̀ ti kó wá sí Appalik níhìn-ín, wọ́n kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wọn pa. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ máa ń sọ pé àwọn ń rí iná kan ṣoṣo lójú fèrèsé kan lọ́hùn-ún, pé kò sì sí ọdẹ tó gbójú láti lọ wo ẹni tó tàn án.

"Kò sẹ́ni tó ń gbé Ilulialik," ni Inaluk wí.

"Bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ń sọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ."

Ó ti la séálì náà níkùn. Ó gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó ṣì ń gbóná, ó sì nà án sí i. Inaluk mọ ohun tí àwọn àgbà wí: oúnjẹ tí ẹni tí kì í ṣe ènìyàn bá fún ọ, bó bá dé ẹnu rẹ, yìnyín ni yóò dà. Ó wo ojú ọkùnrin náà. Ojú náà rẹwà, ó rù, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ ni. Ó gbóná, ó sì dùn.

Nígbà tó ń gbà á ni ìka wọn kan ara wọn.

"Ọwọ́ rẹ gbóná!"

"Ìyá àgbà mi ní ìran wa ò ní iná míì, ọ̀rá tí à ń jẹ niná wa. Ìwọ ló yẹ kí n bi: kí lo kó aṣọ tó tó báyìí wọ̀ fún? Ṣé o fẹ́ tà wọ́n ni?"

"Ẹni tó ń rùn bí ẹyẹ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá ló ń fi aṣọ mi ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Ẹyẹ ọdún tó kọjá ló dùn jù." Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ yìnyín. "Avataq lorúkọ mi. Jọ̀wọ́, pè é."

"Kí ni mo fẹ́ pè é ṣe? Ṣebí iwájú mi lo wà."

"Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

"Avataq," ni Inaluk wí jẹ́jẹ́.

Ọkùnrin náà dijú, bí ẹni tí wọ́n da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí lẹ́sẹ̀ tó tutù. Nígbà tí Inaluk yí padà láti di ẹrù rẹ̀ mọ́ ọkọ̀-ajá tí àwọn ajá rẹ̀ ń fà, tó tún bojú wẹ̀yìn, ihò omi náà nìkan ló rí, àti afẹ́fẹ́ tó ń gbá yìnyín lórí ibi tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà gbà lọ.

*

Arnanguaq, ìyá Inaluk, kì í fi fèrèsé sílẹ̀ láìbò nígbà òkùnkùn. Bí oòrùn bá ti wọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn lọ́dún ló máa ń ta awọ sójú wọn, kì í sì í ká a títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi padà. Gbogbo ìlú ló mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí Inaluk ṣì kéré, ó ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kaali. Kaali ò tíì fi eyín jẹun. Ibà díẹ̀ mú un, kò fẹ́ muyàn, ó sùn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yóò fi gbé e láàárọ̀, ó ti tutù. Lọ́jọ́ náà ni aládùúgbò kan ní òun rí ipasẹ̀ tó yí ilé wọn po, tó dúró lábẹ́ fèrèsé, tí kò sì lọ síbì kankan mọ́.

"Qivittoq ni," làwọn èèyàn wí. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí ìtìjú tàbí ìbànújẹ́ lé kúrò láwùjọ nìyẹn, tó kọrí sáàárín àwọn òkè yìnyín, tí kò sì padà. Wọ́n ní bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fúyẹ́, òtútù kì í mú un mọ́, etí rẹ̀ a máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò ní í lè jẹ oúnjẹ ènìyàn mọ́. Bó bá jẹ ẹ́, inú rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́.

Nítorí náà, Inaluk ò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun pàdé ẹnikẹ́ni. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gé omi dídì lójoojúmọ́ ni. Ó gé e títí ó fi ga ju ẹnu ọ̀nà wọn lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Arnanguaq wí, "ṣé ilé kejì lo fẹ́ fi kọ́ ni?"

"Màmá, omi dára kó pọ̀ nílé."

"Ó dára. Àmọ́ omi kì í mú èèyàn máa dá rẹ́rìn-ín bó bá ń tẹ́ ibùsùn."

Lẹ́yìn òkè yìnyín náà ni Avataq ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un. Nígbà tí gbogbo ará Ilulialik ń kó lọ, Saunnaq, ìyá àgbà rẹ̀ tó tọ́ ọ, ní òun ò ní í fi ibojì ọkọ òun sílẹ̀. Avataq dúró tì í, àwọn tó kó lọ sì rò nígbà tó yá pé àwọn méjèèjì ti kú. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń jẹ náà ni wọ́n ń jẹ: séálì, awọ àbùùbùtán pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, àti àwọn ẹyẹ òkun kéékèèké tí wọ́n rì sínú awọ séálì lábẹ́ òkúta títí wọn yóò fi kan. Àìsàn pa àwọn ajá rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá àgbà náà kú. Avataq fi òkúta bò ó, ó padà sínú ilé, ó sì tan àtùpà.

"Kí ló dé tí o ò wá sọ́dọ̀ wa?"

"Mo wá. Mo dúró lẹ́yìn ilé kan ní Appalik, mo fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ nínú ilé pé iná Ilulialik, iná òkú ni. Ojú tì mí. Mo padà." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Inaluk, ẹ̀rù ń bà mí o."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Lọ́jọ́ kan mo wẹ̀yìn, n ò rí ipasẹ̀ mi."

"Afẹ́fẹ́ ló gbá a lọ."

"Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lọ́jọ́ náà."

Lókè orí wọn, iná aláwọ̀ ewé tó máa ń tàn lójú ọ̀run nígbà òkùnkùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sì dún. Inaluk bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ojú Avataq mú, ó sì fi imú rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fa òórùn rẹ̀ símú bí àwa ti máa ń ṣe sí ẹni tí a bá fẹ́ràn.

"Ẹni tí kì í ṣe èèyàn kì í rùn tó báyìí," ló wí. "Gbọ́ mi, olólùfẹ́ mi. Ọjọ́ ìbí màmá mi ń bọ̀. Gbogbo ìlú ni yóò wá mu kọfí, a kì í lé ẹnikẹ́ni. Wá. Jókòó láàárín èèyàn, jẹun, kí wọ́n rí ẹ. Ọ̀rọ̀ náà á tán."

"Bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Èmi ni n ó jókòó tì ẹ́."

*

Ó wá. Ó ti wẹ̀, ó wọ ṣòkòtò awọ béárì funfun tí Saunnaq rán fún un. Ilé kún fọ́fọ́, ẹ̀rín ń lọ, ife ń dún. Bó ṣe wọlé, gbogbo ẹnu pa dé. Ọkùnrin kan tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Ta lèyí?" Arnanguaq bèèrè.

"Avataq ni, Màmá. Ọmọ-ọmọ Saunnaq," Inaluk dáhùn. "Èmi ni mo pè é."

Arnanguaq wo ọwọ́ àlejò náà tí kò ní ìbọ̀wọ́. Ó wo èéfín tó ń rú lára rẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó mú àwo, ó to kéèkì sí i, èyí tó ní ṣúgà funfun lórí àti èyí tó ní jáàmù láàárín, ó sì bu ṣúgà sínú kọfí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ le.

"Ẹni tó bá wọlé mi, oúnjẹ mi ní í jẹ," ló wí. "Jẹ ẹ́."

Avataq wo àwo náà. Nígbà kan rí, nígbà tó wà ní kékeré, ó ti fi ẹnu kan nǹkan funfun yìí, Saunnaq sì gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀: "Tiwa kọ́ nìyẹn!" Ó wo Inaluk. Inaluk, tí kò mọ nǹkan kan, rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Nítorí ẹ̀rín náà ló ṣe jẹ gbogbo rẹ̀, ó sì mu kọfí náà kan ìsàlẹ̀ ife.

Ara àwọn èèyàn ti ń balẹ̀. Ẹnì kan ti ń bi í nípa béárì tó fi ṣe ṣòkòtò. Lójijì ni inú rẹ̀ dún, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Òógùn bò ó. Ó gbìyànjú láti dìde, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó di ikùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Inaluk," ló wí, "òótọ́ ni."

Ó já ilẹ̀kùn, ó sì sá sínú òkùnkùn.

"Ẹ ò rí i?" obìnrin kan pariwo. "Oúnjẹ ènìyàn ò gbé inú rẹ̀!"

Inaluk dìde láti tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ ti dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó fi gbogbo ara dí i.

"Màmá, ẹ kúrò lọ́nà!"

"N ò kúrò."

"Ara rẹ̀ ò yá ni!"

"Wọ́n ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi," ni Arnanguaq wí, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. "N ò ní í fún wọn ní méjì."

Nígbà tí wọ́n fi jẹ́ kó jáde, ìjì ti dé. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọdẹ kankan tó tún rí iná lójú fèrèsé Ilulialik.

*

Inaluk ò jẹun mọ́. Ó ń jókòó, ó ń gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló ń gbọ́, á ní kò sí. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìn wọnú, ìyá rẹ̀ fi ipá mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá èbúté, sọ́dọ̀ Regine, nọ́ọ̀sì ọmọ ìran wa kan tó wá láti gúúsù. Obìnrin sísanra ni Regine, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí Inaluk sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Inaluk sì sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

Regine ò rẹ́rìn-ín. "Nígbà tó jẹ kéèkì náà, ṣé inú rẹ̀ dún? Ó wú? Ó sì sá jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Bí mo bá jẹ méjì níbẹ̀, bí èmi náà ṣe máa sá nìyẹn."

Arnanguaq gbójú sókè.

"Ara wa ni," Regine wí. "Kì í ṣe ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó pọ̀ láàárín wa. Àwọn baba ńlá wa tó rin orí yìnyín dé ibí, ohun tó wà lábẹ́ yìnyín ni wọ́n jẹ, ìran lẹ́yìn ìran. Ẹni tí ara rẹ̀ ò lè fi ọ̀rá dáná, òtútù pa á kó tó bímọ. Àwa ọmọ àwọn tó kù la jókòó síbí yìí. A jogún ara tó mọ ọ̀rá lò, àmọ́ ara náà kò bá ṣúgà pàdé rí, kò mọ ohun tó máa fi ṣe." Ó yíjú sí Arnanguaq. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá? Gbogbo ìlú ló ń jẹ kéèkì yín. Ẹ̀yin ń jẹ níbẹ̀?"

Arnanguaq wo ilẹ̀.

"Kì í bá mi lára mu," ló wí.

Inaluk wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ó yẹ kí wọ́n dìde máa lọ, ṣùgbọ́n Arnanguaq ò dìde. Ó ń fi ìka yí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. "Ara tó ń fi ọ̀rá dáná yìí," ló wí, "ọmọ ọwọ́ náà ní in?"

"Wọ́n ní in," Regine dáhùn pẹ̀lẹ́. "Nínú àgbà, agbára ni. Nínú ọmọ ọwọ́, ó lè di ewu. Bí ibà bá mú un, tí kò muyàn, tó sùn pẹ́, okun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tán láìjẹ́ pé ó sunkún. A ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. A máa ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n jí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún un ní nǹkan. Nígbà tiyín, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láti sọ ọ́."

"Wọ́n rí ipasẹ̀."

"N ò sí níbẹ̀, n ò lè búra, Màmá. Ṣùgbọ́n mo ti rí irú rẹ̀. N kì í rí àlejò kankan níbẹ̀. Ọmọ tó sùn ni mo máa ń rí."

Arnanguaq fi aṣọ bo ojú. Ohùn tó jáde lábẹ́ aṣọ náà dà bí ti ọmọdé.

"Èmi náà sùn. Kò sunkún, inú mi dùn pé kò sunkún, mo sùn. Bí kì í bá ṣe ẹni tó wá lábẹ́ fèrèsé, a jẹ́ pé èmi ni. Ìyẹn ni mo ṣe bo fèrèsé."

Regine fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó sì di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí omi tó wà lórí sítóòfù fi hó tán.

Lójú ọ̀nà ilé, Arnanguaq dúró níwájú àwọn ajá.

"Dè wọ́n mọ́ ọkọ̀," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "À ń lọ sí Ilulialik."

*

Òkun dákẹ́. Kò sí ìró kankan àyàfi èémí àwọn ajá àti omi dídì tó ń ké lábẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, igbe gígùn kan tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tó gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọn kọjá lọ. Ilulialik yọ: àwọn ilé tí òrùlé wọn ti wó, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kàn pa, àwọn ibojì olókùúta lórí òkè. Àwọn ajá dúró fúnra wọn, wọn ò rìn mọ́.

Awọ bo fèrèsé ilé tó kẹ́yìn látinú. Wọ́n súnmọ́ ọn. Ohùn méjì ló ń bọ̀ láti inú rẹ̀.

"Jẹun, ọmọ mi." Ohùn arúgbó obìnrin ni, ó ha, ó sì jinlẹ̀.

"Mo ti yó, Ìyá àgbà."

"O ò tíì yó. Jẹun."

Arnanguaq di ọwọ́ Inaluk mú dé ibi tó ń dùn ún. Nígbà tó wà ní ọmọge, òun àti Saunnaq ti jọ bó awọ séálì pọ̀ létí omi yìí. Ó mọ ohùn náà. Ohùn Saunnaq ni, kò yingin.

Inaluk rò pé ìyá òun yóò sá. Dípò bẹ́ẹ̀, Arnanguaq mí kanlẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Avataq nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ti rù, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ síta. Àtùpà ọ̀rá ń jó níwájú rẹ̀, ife méjì sì wà nílẹ̀, ọ̀kan níwájú rẹ̀, ọ̀kan níwájú ibi tí kò sẹ́ni tó jókòó. Èéfín ń rú nínú méjèèjì. Ó yí orí sí wọn, kò sì jọ pé ó rí wọn. Ẹnu rẹ̀ ló ṣí, ṣùgbọ́n ohùn arúgbó náà ló jáde.

"Ta ló wọlé?"

Irun orí Inaluk dìde. Ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà, ó rọra lọ, ó jókòó sí ibi tó ṣófo náà, ó gbé ife kejì, ó sì mu níbẹ̀.

"Èmi ni, Saunnaq. Arnanguaq. Mo ṣẹ ọmọ rẹ. Mo fún un lóhun tí èmi fúnra mi ò lè jẹ, mo sì fi lé e kúrò nílé mi. Mo wá bẹ̀ ọ́." Ó gbé ife sílẹ̀. "Mo ní ọmọbìnrin kan. Kò jẹun mọ́ nítorí rẹ̀. Mo wá tọrọ ọmọ rẹ lọ́wọ́ rẹ."

Iná àtùpà gbọ̀n, kò kú.

"Kì í wọ ìbọ̀wọ́ o," ni ohùn arúgbó náà wí.

"Mà á rán ìbọ̀wọ́ fún un."

"Kì í fẹ́ kí n mọ̀ bí nǹkan bá ń dùn ún."

"Mà á máa bi í léèrè."

Lẹ́yìn náà ni èjìká Avataq bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì sunkún pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀. Inaluk kúnlẹ̀ tì í, ó fà á mọ́ra.

"Màmá," ni Avataq bi Arnanguaq, "ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹni tó fẹ́ràn rẹ," ni Arnanguaq wí. "Níbo lo kó àwọn ẹyẹ náà sí? Ebi ń pa mí."

Ó gbé àwọn ẹyẹ tó ti kan náà jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, ọ̀rá ń ṣàn wọ àgbọ̀n wọn, ara wọn sì móoru. Inaluk gbé ẹran ẹ̀yìn ọrùn tó dára jù lé Avataq lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́, olóòórùn mi."

"Ìwọ náà ti ń rùn báyìí," Avataq wí, ẹ̀rín akọ́kọ́ sì yọ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n pa àtùpà náà. Àwọn mẹ́ta ló gun ọkọ̀-ajá. Ṣùgbọ́n àwọn ajá ń fà á tipátipá, wọ́n ń mí gùlegùle, bí ẹni pé ẹnì kan tún jókòó sẹ́yìn. Inaluk fẹ́ yí orí padà.

"Má wẹ̀yìn," ìyá rẹ̀ wí.

Nígbà tí wọ́n dé agbede méjì òkun, ọkọ̀ náà fò sókè díẹ̀, ó fúyẹ́, àwọn ajá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀ ọ́n lára.

"A dúpẹ́ o, Saunnaq," ni Arnanguaq wí, ó ń wo iwájú. "O ti sìn wá tó. Máa padà lọ sinmi."

*

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn nígbà tí oòrùn kì í wọ̀, tí àwọn ẹyẹ òkun ti padà dé bí ìkùukùu sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Inaluk wọ bàtà awọ funfun tó ga dé itan, Arnanguaq fúnra rẹ̀ ló to ìlẹ̀kẹ̀ tó bo èjìká rẹ̀. Àlùfáà ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, Avataq sì ní òun ti dì í mú tipẹ́, àfi kí àlùfáà máa bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ kọfí wà níbẹ̀. Ó fún Avataq ní ọmọ ajá méjì, kò lè sọ ọ̀rọ̀ kankan, Avataq sì gbá a mọ́ra.

Lẹ́yìn àsè, àwọn méjèèjì lọ jókòó sórí àpáta kan létí omi. Kùrukùru ti bo òdìkejì, a ò rí Ilulialik mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wo ìhà ibẹ̀.

"Inaluk mi," ni Avataq wí, "ohun kan ń bà mí lẹ́rù."

"Sọ ọ́. Màmá ti ṣèlérí pé a ó máa bi ẹ́."

"Ọmọ. Ara wa yìí náà ni yóò jogún. Bó bá sùn láàárín òkùnkùn, tí kò sunkún..."

Inaluk kò sọ pé kó má bẹ̀rù. Ẹ̀rù náà ń bà á. Ó gbé ọwọ́ gbígbóná rẹ̀ lé ikùn ara rẹ̀, níbi tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni.

"Bí ibà bá mú un, a kò ní í jọ sùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà," ló wí. "Ìwọ á jí i, èmi á fún un lọ́yàn. Bó bá rẹ̀ ẹ́, wà á jí mi, mà á máa ṣọ́ ọ. Ìyẹn ni májẹ̀mú tí mo bá ẹ dá lónìí. Ti àlùfáà, ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn."

"Mo gbà."

"Búra."

"Mo fi òórùn mi búra."

Lẹ́yìn wọn, Arnanguaq ń gbé awọ séálì kan bọ̀ láti nà án sáfẹ́fẹ́. Ó ti gbọ́ wọn. Ó dúró, ó nu ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ ìgbéyàwó tó wọ̀, láìbìkítà.

"Kí lẹ wá fi èmi ṣe?" ló wí. "Bí ọmọ bá dé, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ sùn. Èmi ni n ó máa jí i."